Òórùn Ló Ṣọ́ Àbàtà Náà

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Thamesmead ní London lóde òní, bí ẹ bá bá a jókòó, owó ilé ni yóò kọ́kọ́ fẹnu kàn: bí ilé ṣe gbówó lórí láti ọdún 2022 tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth ti dé Abbey Wood. Àwa tí a ti débẹ̀ ṣáájú, ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi gba kọ́kọ́rọ́ fúláàtì wa níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ńṣe ni àwọn ará wa ní Peckham àti Hackney ń bá wa kẹ́dùn. Wọ́n ní ṣé ilé ti tán ní ìgboro ni a fi kó lọ sínú àbàtà? Bí iyán bá wù wá jẹ, bọ́ọ̀sì ni a ó wọ̀ lé bọ́ọ̀sì títí dé ọjà Ridley Road. Ká tó gbé iṣu délé, apá á ti fẹ́ já.

Èyí tó wá le jù ni òórùn. Létí odò Thames, ní Crossness, ni ìgbẹ́ gúúsù London ti ń ṣàn lọ láti ọdún 1865. Bí atẹ́gùn bá ti ìhà ibẹ̀ fẹ́ wá, aṣọ tí a sá sórí okùn á di àtúnfọ̀. Àlejò tó bá wá kí wa á máa fọgbọ́n bo imú, kò ní fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi á ní kó má wulẹ̀ ṣojú ayé, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa, tí wọn kì í fẹ́ gbà: òórùn yẹn ló ṣọ́ ilẹ̀ náà. Bí kì í bá ṣe ti òórùn, ti ìbọn àti ti omíyalé, pápá ẹlẹ́rẹ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé awò kọ́rùn lọ wo ẹyẹ níbẹ̀ lónìí ì bá ti di ilé ìkẹ́rùsí tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìbọn kúrò nílẹ̀, kò gùn. Ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ọba tó wà ní Woolwich, tí wọ́n ń pè ní Royal Arsenal, ló ni èyí tó pọ̀ nínú àbàtà náà láyé ọjọ́un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yin ìbọn ńlá dánwò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó ẹ̀tù pamọ́ sí. Ta ni yóò lọ kọ́lé sójú ọ̀nà ọta? Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ náà ń kógbá wọlé ní àwọn ọdún 1960 ni ìjọba London tó rí ilẹ̀ gbà níbẹ̀, tí àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ sì kó wọ Thamesmead ní 1968.

Ti omíyalé ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, ọdún 1953, Òkun Àríwá ru, ó sì ya wọ ìlà oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn 307 ló bá a lọ níbẹ̀. Omi bo àbàtà Erith, ó bo Belvedere. Nígbà tí wọ́n wá ń ya àwòrán ìlú tuntun yìí, òfin kò gbà kí yàrá kankan wà nísàlẹ̀ tí èèyàn yóò máa sùn sí. Gáréèjì ni wọ́n fi sísàlẹ̀, wọ́n kó àwa èèyàn sókè, wọ́n sì na afárá kọnkéré láti ilé kan sí èkejì. Adágún ńlá tó wà níwájú ilé wa, Southmere, kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Omi tó bá ń sun nínú ilẹ̀ ni wọ́n ń darí lọ síbẹ̀. Àwọn oníròyìn ń bú àwọn ilé náà pé wọn ò lẹ́wà, àwọn onífíìmù tilẹ̀ lọ ya fíìmù àwọn ọmọ jàǹdùkú síbẹ̀ tó jáde ní 1971. Ní tèmi, mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó rántí omi kó tó kọ́lé. Ní 1980 tí odò Ògùnpa ya ní Ìbàdàn tó gbé ilé àti èèyàn lọ, a ti wà ní London nígbà yẹn, létí rédíò ni a ti ń gbọ́ ọ, a ò sì lè sùn títí lẹ́tà fi dé láti ilé. Ojú odò ni wọ́n kọ́lé dí ní Ògùnpa. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun.

Ẹni tó mú mi wọ àbàtà náà ni bàbá òyìnbó kan tó ń gbé ní àjà kejì sí tiwa. Ó ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì nílé-iṣẹ́ Ford tó wà ní Dagenham, ní òdìkejì odò. Èmi àti ìyàwó mi ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́yẹ láàárín ara wa, nítorí pé kì í jáde láìgbé awò kọ́rùn. Tí a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, èmi á tẹ̀ ba díẹ̀ kí n tó kí i, nítorí àgbà ni. Ó yà á lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó dùn mọ́ ọn, torí láti ọjọ́ náà ló ti ń dúró kí n kí òun kó tó kọjá.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1987, yìnyín kan já ní Kent àti ìhà tiwa lọ́hùn-ún tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ títí di òní. Ọkọ̀ ojú irin dúró. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, àwọn ọ̀gá sì ní ká jókòó sílé. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run là díẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́yẹ kan ilẹ̀kùn wa. Bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ wọ èyí. Ẹ wá wo ohun tí òtútù kó wá."

Ìyàwó mi wò mí lójú bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Kì í ṣe nítorí òtútù nìkan. Aláwọ̀ dúdú kì í dá rìn kiri ní irú ibẹ̀ nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tó burú jù ṣì ń bọ̀ ni: ní 1989 ni ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tó kórìíra wa ṣí ilé ìtàwé sí Welling, tí kò jìnnà sí wa rárá, ní 1991 sì ni àwọn jàǹdùkú gún ọmọdékùnrin dúdú kan, ọmọ ọdún 15, pa ní Thamesmead. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó gbé ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ pápá yẹn rí, àwọn òyìnbó á sì máa wí pé àwọn aláwọ̀ dúdú kò nífẹ̀ẹ́ sí igbó. Ẹ bi wọ́n pé ta ló dúró sẹ́nu ọ̀nà igbó náà. Mo bá bàbá náà lọ nítorí pé òun ló ṣáájú.

A gba ẹ̀yìn òpópónà Eastern Way wọ inú pápá. Kòtò omi tó gba àárín pápá náà kọjá, tí wọ́n gbẹ́ láti ayébáyé kí omi lè máa wọ́ lọ sódò, ti dì gbagidi. Àwọn ẹṣin wà níbẹ̀, ẹṣin àwọn ìdílé kan ládùúgbò, onírun gígùn lẹ́sẹ̀, wọ́n kọ ìdí sí atẹ́gùn, wọn ò mira. Ọkùnrin kan ń fi òòlù fọ́ omi dídì kí wọ́n lè rí mu. Bó ṣe fọ́ ọ tán, tó yí ẹ̀yìn padà, ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Kò bínú. Ó gbé òòlù rẹ̀ sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìfèfè dúró gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà, ó ga ju orí mi lọ. Bàbá Ẹlẹ́yẹ lọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí n wò. Koríko gígé ló wà níbẹ̀, tó kóra jọ ní òkìtì kékeré, ẹnu gbogbo rẹ̀ dá gẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó mú ṣáṣá. Mi ò tíì ronú tí mo fi sọ pé, "Ọ̀yà!"

Ó ní kí ni mo wí. Mo ní ẹranko ilé wa kan ni, òun ló ń gé koríko báyìí. Àkùrọ̀ ni bàbá mi ń dá létí odò Ọ̀ṣun ní Ẹdẹ. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí omi fà, ilẹ̀ dúdú tó fi sílẹ̀ sẹ́yìn ni a ó gbin ilá, ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sí, tí gbogbo oko òkè bá ti gbẹ. Ìdájí ọyẹ́ ni àwa ọmọ máa ń lọ síbẹ̀, eyín wa á máa lu ara wọn, ètè á ti bẹ́. Iṣẹ́ wa ni láti wá ojú ọ̀nà ọ̀yà. Ìgé ẹnu rẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n: bí ẹnu koríko bá ṣì tutù, àná ló kọjá, bó bá ti gbẹ, kó o má wulẹ̀ dẹ pàkúté síbẹ̀. Ẹnu gẹ́rẹ́ yìí gan-an ni.

"Ṣé ẹ máa ń jẹ ẹ́?"

"Àjẹlá ìka ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní eku odò ni tiwọn, kò tóbi, ẹ jọ̀ọ́ kí n má jẹ ẹ́, torí ó ti ń tán lọ. Mink, ẹranko kan tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà nítorí awọ rẹ̀, ti jáde nínú àgọ́ tí wọ́n ti ń sìn ín, ó sì ń wọ ihò lọ bá àwọn eku náà, abo rẹ̀ pàápàá, nítorí ara rẹ̀ tín-ín-rín. Láti ọjọ́ náà ni bàbá yìí kò ti kà mí sí àlejò mọ́ nínú igbó. Ó ti rí i pé mo mọ ilẹ̀ wò.

Nígbà tí a dé orí ògiri tó dí odò Thames lọ́wọ́, odò ti fà, ẹrẹ̀ hàn gbangba. Mi ò rí ibi tí ẹyẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo omi tó wà nínú pápá ló ti dì, ẹyẹ kò rí ibi rọ oúnjẹ sí ẹnu. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí Crossness ti ń tú omi tí wọ́n ti sẹ́ jáde sínú odò, omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn kó ara jọ sí. Pẹ́pẹ́yẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní teal ló pọ̀ jù. Ó gbé awò rẹ̀ fún mi. Orí akọ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, àwọ̀ ewé tútù kan gba ojú rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ lábẹ́ ìrù sì pọ́n bí ọ̀rá bọ́tà. Shelduck tóbi jù ú lọ, funfun ni, ó de ìgbànú àwọ̀ ilẹ̀ mọ́yà. Àwọn tín-ín-tìn-ìn-tín kan ń sáré lẹ́bàá omi, ẹsẹ̀ wọn pupa.

Mo béèrè pé níbo ni wọ́n ti wá. Ó ní Rọ́ṣíà, ó ní Iceland, ó ní Finland. Mo ní inú òtútù yìí ni wọ́n sá wá? Ó ní lójú tiwọn, ibi tó móoru ni wọ́n dé yìí.

Ohun tí wọ́n ń jẹ ló yà mí lẹ́nu jù. Aràn pupa tín-ín-rín ni, tó ń gbé nínú ẹrẹ̀ tí èérí bá ti pọ̀. Ní 1957, àwọn onímọ̀ ilé àkójọ ohun abẹ̀mí ìlú London ti kéde pé òkú odò ni Thames ní ìhà yìí: kò sí afẹ́fẹ́ nínú omi, kò sí ẹja. Nígbà tí wọ́n tún ilé ìsẹ́gbẹ́ ṣe tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀, àwọn aràn yẹn ló ṣáájú padà, wọ́n pọ̀ bí eṣinṣin ìdí mọ́ńgòrò, ni pẹ́pẹ́yẹ bá rọ́ wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1970. Ní 1974 wọ́n rí ẹja salmon kan lẹ́nu ẹ̀rọ iná mànàmáná ní West Thurrock, àwọn oníwèé ìròyìn yọ̀. Bàbá Ẹlẹ́yẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀. Bí odò ṣe ń mọ́ sí i, ó ní, bẹ́ẹ̀ ni aràn ń dín, bí aràn sì ti ń dín, ẹyẹ òun ń lọ. Ó fẹ́ kí odò mọ́, ó sì ń ṣọ̀fọ̀ ìdọ̀tí. Mo gbọ́ ọ yé dáadáa, nítorí pé èmi náà ní àwọn ohun tó burú tí àárò wọn ń sọ mí.

Lẹ́yìn wa lọ́hùn-ún ni ilé ẹ̀rọ àtijọ́ wà, bíríkì aláràbarà, tí ó ti ń wó díẹ̀díẹ̀ nígbà náà. Ìtàn rẹ̀ ni bàbá náà sọ títí a fi padà sílé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1858, odò Thames rùn débi pé àwọn aṣòfin kò lè jókòó nílé ìgbìmọ̀ wọn. Onígbáméjì ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ṣáájú, kò mú wọn ṣe nǹkan gúnmọ́. Ìgbà tí òórùn kan imú tiwọn ni owó jáde. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún Joseph Bazalgette, ó gbẹ́ ọ̀nà ìgbẹ́ sábẹ́ gbogbo ìlú, ó sì darí ti gúúsù wá sí Crossness. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1865 ni Ọmọ Ọba wá ṣí i. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, orúkọ ìdílé ọba ni wọ́n fún gbogbo wọn: Victoria, Prince Consort, Albert Edward, Alexandra. Ẹ fi ojú inú wò ó: ẹ sọ ẹ̀rọ tó ń fa ìgbẹ́ ní orúkọ Kábíyèsí nílẹ̀ wa, kí ẹ wá wo ohun tí ojú yín yóò rí.

Wọ́n ń tọ́jú ìgbẹ́ náà sínú àká, wọ́n ń dúró kí odò kún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, nígbà náà ni wọ́n ń tú u jáde kí omi lè gbé e lọ sókun. Wọn kò sẹ́ ẹ rárá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1878, ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan, Princess Alice, kún fún èrò tó ń bọ̀ láti ibi fàájì. Ọkọ̀ tó máa ń kó èédú gé e sí méjì ní ẹ̀bá Thamesmead òní. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìgbẹ́ sódò. Èèyàn tó ju 600 lọ ló kú sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ dà sínú òkun. Èmi bá ọkọ̀ wọ̀nyẹn lẹ́nu iṣẹ́, torí 1998 ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọkọ̀ Bovril ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, orúkọ omi ẹran dúdú tí àwọn òyìnbó máa ń mu. Mi ò fi Bovril sẹ́nu mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́.

Nígbà tí òkun di èèwọ̀ fún wọn, wọ́n ní láti máa sun ún. Wọ́n kọ́ ilé ìsungbẹ́ tuntun sí Crossness, onírúlé gbọ̀ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ, ní àárín àwọn ọdún 1990 kan náà ni wọ́n sì ya apá kan pápá náà sọ́tọ̀ fún ẹyẹ àti ẹranko. Wọ́n ṣe ojú ọ̀nà, wọ́n kọ́ àgọ́ onígi tí èèyàn lè fara pamọ́ sí wo ẹyẹ, wọ́n gbẹ́ àwọn ọ̀gọ̀dọ̀. Bàbá Ẹlẹ́yẹ ti ṣaláìsí kó tó dìgbà náà. Èmi ń lọ.

Àyípadà pọ̀ ṣá. Ní 1987, kò sí lékeléke níbẹ̀. Ní 1996 ni mọ̀lẹ́bí lékeléke kan, ẹlẹ́nu dúdú ẹlẹ́sẹ̀ ìyeyè, kọ́kọ́ pamọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní erékùṣù Brownsea, kò sì pẹ́ tó fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i nínú yìnyín, tó ń fẹsẹ̀ ru ẹrẹ̀ kiri, mo na ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i, mo ń mì wọ́n bí a ti ń ṣe ní kékeré, pé kó fún mi ní èékánná funfun. Òyìnbó kan tó wà nítòsí rọra sún sẹ́yìn.

Òwìwí náà wà níbẹ̀, ti funfun, tó ń fò lọ fò bọ̀ lórí koríko nírọ̀lẹ́ láìsí ariwo ìyẹ́. Ọ̀rọ̀ òwìwí yìí dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, alàgbà kan fà mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìpàdé.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí o. Ṣé ẹ ń sọ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ ara yín lọ pàdé òwìwí lálẹ́?"

Mo ní eku ló ń wá, kò wá mi. Kò dá a lójú. Wọ́n gbàdúrà fún mi lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó mi kò fẹ́ gbọ́ ti òwìwí ní tiẹ̀, alápàńdẹ̀dẹ̀ ló fẹ́ràn. Inú ilé ẹṣin ni wọ́n ń tẹ́ ìtẹ́ sí nígbà ooru. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti dé, wọ́n á gbéra, wọ́n á la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n á sì gba orí ilẹ̀ wa lọ títí dé Gúúsù Áfíríkà. Ó máa ń bá wọn wí kí wọ́n tó lọ pé kí wọ́n bá òun kí ará ilé.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ilé-iṣẹ́ kan tó ń sun pàǹtírí ìgboro London ní Belvedere gbé ètò kalẹ̀ pé àwọn fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ tí yóò máa mú kábọ́nì nínú èéfín àwọn kó má baà fẹ́ sójú ọ̀run. Iṣẹ́ rere ni, bí a bá gbọ́ ọ lásán. Ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí ni ọ̀rọ̀ wà: lára pápá yẹn ni wọ́n fẹ́ gé, ní ìhà ibi tí àwọn ẹṣin ń jẹ̀. Nígbà tí ibẹ̀ ń rùn tí ọta ìbọn ń fò lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó ya àwòrán ilé síbẹ̀. A tún afẹ́fẹ́ ṣe tán, olówó dé.

Wọ́n ní kí ará àdúgbò tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ kọ̀wé. Mo pe àbúrò pátápátá nínú àwọn ọmọ mi kó wá bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1858. Ó ní, "Dádì, ojú ìwé kan péré ni wọ́n máa ń kà." Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ, mi ò tíì sọ̀rọ̀ débi àwọn ẹṣin.